Ìdí Tí Ìwé Ojú Màmá Fi Pẹ́

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí Màmá tí ẹ jọ ń gbé. Mo gbà á ládùúrà pé ara yín le, pé ẹ sì ń rí oorun sùn. Ní tèmi, ojú mi ti rí màbo níbi iṣẹ́.

O bínú pé mò ń bójú tó kọ̀ǹpútà nílé ìwòsàn ojú, síbẹ̀ Màmá ò rí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ gbà. O ní a kì í gbé etí odò ká máa fi itọ́ ṣan ọwọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra.

Ìkànnì wa ló ń kọ ímeèlì ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, á gbé e fún ẹ̀rọ ìfìwéránṣẹ́ tí wọ́n jọ wà nínú kọ̀ǹpútà kan náà. Ọ̀gá wa ní ká máa fi kọ́kọ́rọ́ inú ẹ̀rọ ti ọ̀rọ̀ àìsàn pa kó tó kọjá láàárín wọn, kí ojú ẹlòmíì má bàa tó o, a sì ṣe bẹ́ẹ̀. Látìgbà náà, ìwé kankan ò jáde mọ́. Ìkànnì ṣáà ń sọ fún akọ̀wé pé "A ti fi ránṣẹ́," irọ́ gbuu! Akọ̀wé ní gbogbo ẹni tó ní ọjọ́ ló ti gbọ́, èmi náà sì gbà pé Màmá ò sí nínú wọn.

Nígbà tí àwọn aláìsàn ń pariwo, mo tú ẹ̀rọ wò, mo pààrọ̀ ọ̀rọ̀ aṣínà, òfo. Ọ̀gá ní, "Ta ló ń tilẹ̀kùn mọ́ ará ilé ẹ̀? Yọ kọ́kọ́rọ́ yẹn, jàre!" Ẹnu dùn ún ròfọ́. Àṣírí àìsàn èèyàn ló wà níbẹ̀, mi ò yọ ọ́.

Àṣé "ará-ilé" ni ìkànnì ṣì ń pe ẹ̀rọ ìfìwéránṣẹ́, bó ṣe ń pè é látijọ́, nígbà tó jẹ́ pé orúkọ rẹ̀ gidi ló wà lára ìwé ẹ̀rí tó bá kọ́kọ́rọ́ wá, èyí tí ìkànnì fi ń dá a mọ̀. Orúkọ ò bára mu, ìkànnì kọ̀, kò gbé ìwé fún un. Mo kọ orúkọ gidi sí i. Ìlà kan péré! Ó rẹ̀ mí débi pé mi ò lè yọ̀.

Ìwé ń jáde báyìí, mo sì rí ti Màmá láàárín wọn. Wọ́n ti fún un lọ́jọ́ tipẹ́, Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ yìí ni. Ká ní mo tún pẹ́ díẹ̀ sí i, ẹlòmíì ni ì bá gba àyè rẹ̀. Ẹ tètè gbéra.

Ẹ ó lọ ire, ẹ ó bọ̀ ire. Ojú Màmá á tún rí wa kedere.

Èmi ni, ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin tí àárẹ̀ mú.

Àfikún: Má kàn sọ fún Màmá pé ìwé dé. Kà á sí i létí látòkè délẹ̀, torí kò lè kà á fúnra rẹ̀ mọ́. Bó bá ní kí o tún un kà, jọ̀ọ́, tún un kà.