Ìkéde Òkú Lórí Ìkànnì Ilé Wa

Ìyá mi Àlímátù,

Ẹ kú ilé, ẹ kú àárò mi. Ara ti ń tù mí níbí ní Ìlọrin. Ọwọ́ òsì ni mo fi tẹ lẹ́tà yìí, ó sì ti ń mọ́ mi lára.

Ẹ̀bi tèmi ni. Nígbà tí mo ṣe ibi tí àwọn àgbà ilé wa ní Aké á ti máa kọ ìròyìn sórí ìkànnì wa fúnra wọn, ojú tì mí láti ní kí oníkálukú ní pásíwọ́ọ̀dù tirẹ̀, bí ẹni pé mò ń ṣọ́ wọn nínú ilé wọn. Tèmi ni mo fún gbogbo yín. Ohun tí ẹnikẹ́ni bá kọ, orúkọ mi ló ń jáde lábẹ́ rẹ̀.

Bí ìkéde ikú Bàbá Láwàlì ṣe jáde lórúkọ mi nìyẹn, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí wọ́n gba yàrá bàbá mi olóògbé lọ́wọ́ yín. Àwọn èèyàn ti gbẹ́ sàréè tán kí Bàbá tó yọ síta láàyè. Abdulkabir, ọmọ wọn, ní mo fi ikú ránṣẹ́ sí bàbá òun. Ó fi irin fọ́ ìka ọwọ́ ọ̀tún mi lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń bi mí pé ta ló rán mi. Eyín méjì péré ló lọ. N kì í kúkú jẹ eegun.

Kí Abdulkabir tó dé bá mi, mo ti rí fóònù tí ìkéde náà ti wá. Èyí tí mo rà fún yín nígbà Iléyá ni. Mo pa àkọsílẹ̀ rẹ̀ rẹ́ lórí ìkànnì. N ò dárúkọ ẹnì kankan.

Ẹ bá mi kí gbogbo ilé. Tí ẹ bá ń kí Bàbá Láwàlì, ẹ kúnlẹ̀ dáadáa, kí ọwọ́ yín má gbọ̀n.

Tawheed ọmọ yín