Àlàájì Kọ́láwọlé Láwàlì, Ẹni Tó Ń Mú Igi Inú Ọkọ̀ Dán (1950–2025)

Kemta, ní Abẹ́òkúta, ni ilẹ̀ tó kọ́kọ́ gbọ́ ẹkún Àlàájì Kọ́láwọlé Láwàlì, ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 1950. Láwàlì tó ń ta ìṣó ni bàbá wọn, Àfúsá tó ń ta abọ́ tánganran ni ìyá wọn. Ilé ọlọ́jà ni, ṣùgbọ́n ọmọ yìí kò mọ ọjà á tà: tábìlì tí wọ́n pàtẹ lé lórí ló máa ń fọwọ́ pa.

Wọ́n kàwé mẹ́fà, wọ́n kéwú, wọ́n sì lọ kọ́ṣẹ́ káfíńtà ní Aké ní ọdún 1964. Kíkan ìṣó kò dùn mọ́ wọn bíi kí wọ́n fi sáńpépà ha igi, kí wọ́n kun fáníìṣì sí i. Wọn kì í kánjú. Wọn a kùn ún lẹ́ẹ̀kan, wọn a jẹ́ kó gbẹ, wọn a ha á fẹ́ẹ́rẹ́, wọn a tún un kùn, ó di ìgbà méje. Lẹ́yìn náà wọn a dijú, wọn a fi ẹ̀yìn ọwọ́ tọ igi náà lọ. Wọ́n ní ojú ń purọ́.

Wọ́n fẹ́ Bùsírátù ní ọdún 1974. Ní 1986, ọ̀gá kan mú wọn lọ sí etí omi ní Èkó láti tún igi inú ọkọ̀ onígbòkun rẹ̀ ṣe: bẹ́ẹ̀dì, kọ́bọ́ọ̀dù, ilẹ̀kùn. Wọ́n ránṣẹ́ sílé pé àwọn wà nínú ọkọ̀, àwọn ń kùn ún. Ta ni yóò sọ fún Bùsírátù pé ọkọ̀ ojú omi ni? Ó gbé oúnjẹ, ó wá wọn lọ sí Ewékorò, láàrin àwọn tírélà sìmẹ́ńtì.

“Àǹtí, ọkọ̀ lẹ ń wá ni, àbí ọkọ?” ni awakọ̀ kan bi í.

“Ọ̀kan wà nínú ìkejì!”

Ó délé, ó funfun bí ẹni tó bọ́ sínú èlùbọ́.

Láti ìgbà náà, iṣẹ́ ọkọ̀ omi ni olóògbé ń ṣe. Wọ́n lọ sí Mẹ́kà ní 2003. Àwọn náà ló kun mínbárì tí ìmáàmù ń dúró lé wàásù ní mọ́sáláṣí àdúgbò, nítorí Ọlọ́run.

Ní 2023, dókítà ní òórùn fáníìṣì ti wọ àyà wọn lọ, wọn kò gbọdọ̀ wọnú ọkọ̀ mọ́. Ní ìparí 2024 ni Olújìmí, ọmọ ọ̀gá tó mú wọn lọ sí Èkó nígbà yẹn, wá. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ yẹn ti ń bó nínú. Àlàájì kò lè fara dà á pé kí iṣẹ́ àwọn bó kí àwọn tó kú. Bùsírátù fárígá: àyà ọkọ rẹ̀ ló ń bẹ̀rù.

“Mi ò ní wọlé,” ni wọ́n wí. “Ìwọ ni kóo jẹ́ ọwọ́ mi.”

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n jókòó sórí àga létí omi, tí ìyá àgbà ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ń fún ara rẹ̀ gba ẹnu ọ̀nà tí kò fẹ̀ ju ti àgò adìyẹ.

“Bàbá Sìlífátù, ìdí mi há o!”

“Mi ò ní kóo fi ìdí kùn ún. Mú ọwọ́ wọlé, ìdí á tẹ̀lé e.”

Nígbà tí òórùn lọ tán, ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kejì 2025, Bùsírátù di apá wọn mú, wọ́n wọlé. Wọ́n fọwọ́ tọ gbogbo igi náà títí dé ilẹ̀kùn ìkẹyìn.

“Bùsírátù, ilẹ̀kùn yìí sunkún.” Ohun tí wọ́n ń pe ibi tí fáníìṣì bá ti pọ̀ jù, tó ṣàn, tó gbẹ síbẹ̀ nìyẹn. “Ha á, kóo tún un kùn.”

“Ẹ jẹ́ kó sun ún. Ó di ọ̀la.” Ó ń rẹ́rìn-ín.

Wọ́n sùn nínú mọ́tò títí dé Kemta. Lẹ́yìn ìrun àsùbáà ọjọ́ kejì, wọ́n jẹ́ ìpè Ọlọ́run.

Wọ́n fi Bùsírátù sílẹ̀, àti àwọn ọmọ wọn, Sìlífátù, Yasir àti Lubabah, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ mẹ́sàn-án. Olújìmí ní kí ilẹ̀kùn náà wà bẹ́ẹ̀. Bùsírátù kọ̀: kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án títí òun yóò fi jáde opó, oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá. Òun ló bà á jẹ́, òun ni yóò tún un ṣe. Ohun tí kò mọ̀ ni ẹni tí yóò sọ fún un pé ó ti tó.

Ọmọ Àfúsá, kí Ọlọ́run tan ìmọ́lẹ̀ sí ibojì yín, kó fi Alujánnà ṣe ilé yín. Ẹ sùn ire, Bàbá Sìlífátù. Ẹ má ṣe dìde nítorí ilẹ̀kùn.