Àpò Gáùn Rẹ Ti Dá Wàhálà Sílẹ̀ Nílé

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé ara le, ṣé ẹ̀rọ tó ń fẹ́ òtútù sí ọ lọ́rùn ní ọ́fíìsì yín ti dẹwọ́ díẹ̀? Ara tiwa le níbí. Bàbá rẹ ní kí n kí ọ, awò ojú wọn ni wọ́n ń wá tí wọn ò fi lè kọ tiwọn síbẹ̀. Ọlọ́run tó ń jí ọ láàárọ̀ yóò máa mú ọ wọlé láyọ̀ nírọ̀lẹ́. Ọ̀gá rẹ ò ní kó ìbínú ilé rẹ̀ wá dà lé ọ lórí, bàtà tó o bá wọ̀ ò ní gé ọ lẹ́sẹ̀, ẹni tó máa bi ọ́ pé ìgbà wo lo máa lọ́kọ ò ní bá ọ wọ mọ́tò kan náà. Àmín.

Mo ní kí n tètè kọ̀wé sí ọ kí o tó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíì pé wọ́n fẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù mi pa. Má wulẹ̀ dìde, jókòó kà á tán, mo ṣì ń ránṣọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà le nígbà tó bẹ̀rẹ̀, àwòrán rẹ ló sì dá a sílẹ̀.

Èyí tó o yà lẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá rẹ ni mò ń sọ, tó o wọ gáùn aláwọ̀ ewé, tó o gé irun mọ́lẹ̀, tó o wá ti ọwọ́ méjèèjì bọ àpò gáùn. Onídìrí tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara ti tèmi ló fi hàn mí lórí fóònù rẹ̀. Ó ní ojoojúmọ́ lo máa ń gbé irú rẹ̀ síbẹ̀, ohun tó o wọ̀ lánàá, ohun tó o wọ̀ lónìí. Mo ní ṣé àwọn ará ọ́fíìsì yín ló ní kí o máa fi ẹ̀rí hàn pé o ti wọṣọ kí o tó jáde ni? Ó rẹ́rìn-ín. Mo tún rí àwọn ọkàn pupa rẹpẹtẹ lábẹ́ rẹ̀, ó ní àwọn tó fẹ́ràn rẹ ló tẹ̀ ẹ́. Mo ní ó dáa, èwo nínú wọn ló máa bá ọ pọnmi lọ́jọ́ tí ara rẹ ò bá yá? Ó tún rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ irun yẹn ò pa á lẹ́rìn-ín o, ó ní tí gbogbo ọmọbìnrin bá ń gé e bẹ́ẹ̀, kí lòun máa jẹ. Mo sọ fún un pé ooru kọ̀ǹpútà ló fà á. Tó bá bi ọ́, jọ̀ọ́, bẹ́ẹ̀ ni kó o sọ.

O kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán náà pé gbogbo obìnrin ló yẹ kó ní àpò tirẹ̀. Mo ka ìyẹn lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní, ọmọ yìí kúkú mọ̀ pé aránṣọ nìyá òun, iṣẹ́ ló fi rán mi yìí, ojú ló ń tì í láti pè mí. Ohun kan ṣoṣo tó yà mí lẹ́nu ni pé o ò kọ ìwọ̀n ẹnikẹ́ni síbẹ̀.

O mọ̀ pé ìwé ìròyìn àtijọ́ ni mo fi ń gé pátánì, mi ò sì lè gé e kí n má kọ́kọ́ kà á. Nǹkan tí mo ti kà lórí tábìlì yẹn pọ̀ ju ohun tí àwọn tó lọ sílé ìwé gíga kà lọ, àbùkù tó kàn wà níbẹ̀ ni pé gbogbo rẹ̀ ló ní ihò. Ọ̀kan wà tí mo kà lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ obìnrin. Ọ̀gbẹ́ni tó kọ ọ́ ṣàlàyé dáadáa, ó wá ní, nítorí náà, ohun tó yẹ kí obìnrin ṣe báyìí ni, ibẹ̀ sì ni ihò apá ti gbé e lọ. Èyí tó kù, mo ti fi dáná. Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń ronú ohun tó yẹ ká ṣe. Tí o bá mọ̀ ọ́n, kọ ọ́ sí mi. Mo sì ń bi ara mi pé kí ló dé tó fi jẹ́ ọkùnrin ló ń sọ ọ́ fún wa.

Ká padà sórí àpò. Láti ìgbà tí mo ti wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́ ni mo ti ń rán ṣòkòtò ọkùnrin. Àpò méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọ̀kan lẹ́yìn, àti kékeré kan nínú ti ọ̀tún tí ìka méjì ò lè wọ̀ tán. Mo bi bàbá rẹ ohun tí wọ́n ń fi sínú kékeré yẹn, wọ́n ní kò sí. Mo ní ṣé kí n yọ ọ́ kúrò lára èyí tí mò ń rán fún wọn lọ́wọ́? Wọ́n ní kí n má dán an wò. Mo jókòó, mo wo ẹ̀wù ara mi, mo wo tọ̀tún, mo wo tòsì. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Kọ́mú ni mò ń fi owó sí, ẹnu ni mò ń fi abẹ́rẹ́ sí, fóònù kúkú wà lápò bàbá rẹ.

Bí mo ṣe rán ọ̀kan sára ẹ̀wù ara mi nìyẹn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mi ò mọ ohun tí wọ́n ń fi sí i. Mo ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, mo rìn dé ìdí kànga, mo rìn padà, ọwọ́ mi ò sì ṣe nǹkan kan. Ọmọ mi, mi ò rántí ìgbà tí ọwọ́ mi ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí.

Onídìrí ní kí n rán tòun. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìyá oníbúrẹ́dì dé, lẹ́yìn tiẹ̀ ni olùkọ́ àgbà obìnrin, tó ní kí n ṣe é kó jìn dáadáa nítorí ṣọ́ọ̀kì. Ìyálé mi náà wá, ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, tí a ò gbọ́ ohùn wọn rí àfi tí wọ́n bá ń dáhùn. Wọ́n ní kí n rán tàwọn sí abẹ́ pẹ́lẹ́ẹ̀tì, níbi tí aṣọ ti ṣẹ́ léra, kí ojú má tètè tó o. Gbogbo wọn ń yọ nǹkan jáde láti inú kọ́mú bí ẹni ń kó ẹrù kúrò nílé tó ń jò. Ìyá oníbúrẹ́dì ní láti ọjọ́ tí òun ti ní fóònù, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí òógùn ò ní bá a sọ̀rọ̀.

Àwọn ọkùnrin ò tètè fura. Káfíńtà ló kọ́kọ́ pariwo. Ó máa ń sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé, mú owó yẹn wá kí n bá ọ fi sápò kó má baà sọnù, ìyàwó wá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní òun ti ní tòun. Ó tún ní àwọn jọ ń jà lọ́jọ́ kan, obìnrin náà kàn ti ọwọ́ bọ àpò, ó ń gbọ́ ọ. Ó ní báwo lèèyàn ṣe ń bá ẹni tó ti ọwọ́ bọ àpò jà?

Ẹjọ́ dé ọ̀dọ̀ Alága. O mọ̀ wọ́n, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ tó ni ilé tí ṣọ́ọ̀bù mi wà. O sì mọ ìdí tí a fi ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀, bí èèyàn méjì bá dúró kí ara wọn, wọ́n á fi ara wọn ṣe alága ìkíni náà. Wọ́n pe ìpàdé sí pálọ̀ wọn. Àwọn ọkùnrin jókòó. Èmi tí wọ́n torí mi pè é, ẹnu ọ̀nà ni mo dúró sí nítorí àga ò tó, mo sì ti ọwọ́ bọ àpò. Ohun àkọ́kọ́ tí ìpàdé fẹnu kò lé lórí ni pé kí n yọ ọwọ́ náà jáde.

Wọ́n gbé àwòrán rẹ síwájú. Wọ́n ń gba fóònù tó wà nínú rẹ̀ láti ọwọ́ sí ọwọ́, oníkálukú wò ó pẹ́, wọ́n ń mi orí, àwọn kan tún gbà á padà láti mi orí lẹ́ẹ̀kejì. Dẹ́rẹ́bà ní òun ò rí ohun tó burú níbẹ̀ dáadáa, kí wọ́n fún òun wò sí i. Alága ní kí ni obìnrin ní tó fẹ́ fi pamọ́? Wọ́n ní ọkọ ni àpò obìnrin. Gbogbo wọn ní òótọ́ ni. Mo wo bàbá rẹ, wọ́n ń wo àjà bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n kọ ohun tí wọ́n máa sọ sí. Kò jọ pé wọ́n rí i kà.

Alága wá gbé àgádágodo tuntun kan sórí tábìlì, ó tóbi, wọ́n ti tì í pa kí gbogbo èèyàn lè gbọ́ ìró rẹ̀. Wọ́n ní láti òní lọ, àpò kankan ò gbọdọ̀ ti ṣọ́ọ̀bù mi jáde mọ́, tó bá jáde, àwọn á gbé e kọ́ ilẹ̀kùn. Wọ́n ní kí ìwọ náà yọ àwòrán yẹn kúrò, tàbí kí o wá gèlè wé sí i lórí níbi tó wà.

O mọ̀ mí, mo máa ń gbọ́ràn. Mo kúnlẹ̀, mo béèrè pé ẹ jọ̀ọ́, ṣé àpò kankan? Wọ́n ní àpò kankan. Mo tún béèrè kó dá mi lójú. Wọ́n ní ṣé èdè mìíràn làwọn ń sọ ni? Mo dúpẹ́, mo lọ.

Ṣòkòtò ọkùnrin ló kún tábìlì mi lásìkò yẹn, ti Alága, ti káfíńtà, ti dẹ́rẹ́bà, ti bàbá rẹ. Mo rán gbogbo wọn, mo lọ̀ wọ́n, mo pín wọn. Mi ò fi àpò kan sí i. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mọ́, ó gún, inú mi dùn sí i gan-an, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mi ò ní ráhùn lórí kékeré inú ti ọ̀tún.

Ọmọ mi, ohun tí mo rí lóde yà mí lẹ́nu. Àwọn ọkùnrin ń fi ọwọ́ pá ẹ̀gbẹ́ itan, ọwọ́ ń yọ̀ bọ́ sílẹ̀. Dẹ́rẹ́bà ń fi eyín mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, a ò gbọ́ ohun tó ń sọ. Bàbá rẹ kó ẹrù tiwọn sínú ọ̀rá, wọ́n ń gbé e kiri bí ẹni tó ń ti ilé ìwòsàn bọ̀. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún àwọn ìyàwó pé, jọ̀ọ́, bá mi fi èyí sápò. Ṣé o rí i, kò sẹ́ni tó ní kí n tú èyí tí mo ti rán tẹ́lẹ̀.

Ìyẹn ló bí Alága nínú. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n dé pẹ̀lú àgádágodo lọ́wọ́, káfíńtà àti dẹ́rẹ́bà tẹ̀lé wọn, ìyálé mi wà lẹ́yìn. Wọ́n ní mo fi àwọn ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní mo ṣe ohun tẹ́ ẹ ní kí n ṣe ni. Wọ́n ní kí n jáde. Mo gbé orí ẹ̀rọ ìránṣọ mi, èyí tí mo fi rán ọ níwèé, mo gbé e dúró sójú títì. Alága fi ọwọ́ wá kọ́kọ́rọ́ àgádágodo lẹ́gbẹ̀ẹ́ itan. Ọwọ́ yọ̀. Wọ́n yíjú sí ìyálé mi, wọ́n ní mú kọ́kọ́rọ́ wá.

Ìyálé mi ti ọwọ́ bọ abẹ́ pẹ́lẹ́ẹ̀tì. A gbọ́ ọ tó dún. Ọwọ́ náà ò jáde.

Alága ní, mo ní mú un wá. Ìyálé mi ní, bàbá, tẹ́ ẹ bá ti tì í tán, ibo lẹ máa fi kọ́kọ́rọ́ sí? Alága ronú. Wọ́n wo ìsàlẹ̀ ara wọn. Wọ́n ní àwọn á dá a padà fún un. Ìyálé mi ní, ó ti wà níbi tó ń lọ nìyẹn, kí ló tún ń rin ìrìn àjò sí?

Onídìrí ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó dákẹ́, èmi náà sì ń wá ibi tí màá fi ojú sí. Alága dúró, àgádágodo tó ti tì pa wà lọ́wọ́ wọn, wọn ò rí ibi gbé e sí, wọn ò sì rí ohun ṣe sí i. Wọ́n wá bi mí pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ bóyá nǹkan ṣì ṣeé ṣe sí ẹ̀gbẹ́ ṣòkòtò yẹn. Mo ní ó ṣeé ṣe o, ṣùgbọ́n ìpàdé ló ṣòfin. Ni wọ́n bá ṣe ìpàdé lórí ìdúró, àwọn ló dá àbá, àwọn náà ló kín in lẹ́yìn, wọ́n ní àpò lè máa jáde, ti gbogbo èèyàn. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ irun rẹ ṣì wà nílẹ̀, àwọn á gbé e yẹ̀ wò lọ́jọ́ mìíràn. Àgádágodo náà wà lọ́dọ̀ mi, mo fi ń tẹ ìwé pátánì mọ́lẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ò tíì kúrò lápò ìyálé mi, kò sì sẹ́ni tó tún béèrè rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kó o ṣe fún mi ò pọ̀. Fi aṣọ tí wọ́n ń fi ṣe inú àpò ránṣẹ́, èyí tó nípọn, iṣẹ́ ti wọlé. Èkejì, owó tó o ń fi sínú fóònù bàbá rẹ ń dé, mo máa ń gbọ́ ọ tó ń dún bó bá wọlé. Kì í dún bó bá ń jáde, ìdí nìyẹn tí mi ò fi mọ ibi tó ń gbà. Mo lọ sí báǹkì láti bi wọ́n, ọmọbìnrin kan tó wọ ṣòkòtò bíi tìrẹ ló dá mi lóhùn, ó kí mi dáadáa. Ó ní kí n pe nọ́ńbà fóònù mi. Mo pe ti bàbá rẹ. Ó ní Màmá, fóònù yẹn dà? Mo ní ó wà lápò. Ó ní àpò ta? Mo ṣì ń ronú ìbéèrè yẹn títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Nítorí náà, ra fóònù kékeré kan fún mi, èyí tó bá ti lè dún.

Má yọ àwòrán yẹn kúrò. Tí òtútù bá ń mú ọ lórí, wá fìlà dé, ṣùgbọ́n nítorí òtútù ni o, kì í ṣe nítorí ìpàdé.

Ọlọ́run á ṣọ́ ọ. Ohun tó bá jẹ́ tìrẹ, ọwọ́ ẹlòmíì ò ní bá ọ dì í mú. Ọwọ́ rẹ ò ní ṣófo, lọ́jọ́ tó bá sì fẹ́ sinmi, yóò rí ibi wọ̀. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ, aránṣọ.

Mo gbàgbé: mo ti fi fóònù onídìrí wọn ìwọ̀n, mo sì ti rán àpò sílẹ̀ de fóònù tèmi, lápá òsì. Títí tó fi máa dé, ọwọ́ mi ló ń bá a gba àyè sílẹ̀.