Ẹni Tó Kọ́kọ́ Da Kọfí Ọwọ́ Méjì

Èmi, tí orúkọ tí ìyá mi sọ mí wà nínú ìwé ìjọba níbi tí ẹnikẹ́ni kì í ti í pè é, tí gbogbo àdúgbò sì mọ̀ sí Àǹtí Oníwàrà, opó oníṣẹ́ reluwé, tí mo ni ṣọ́ọ̀bù kọfí tó wà ní igun òpópónà, ní ọwọ́ ọ̀tún ẹni tó bá ń bọ̀ láti ibùdókọ̀ ojú irin, èmi ni mo ń sọ ohun tó wà nínú ìwé yìí, Lọ́yà mi ló sì ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọpọlọ mi pé. Dókítà sọ pé ọkàn mi ni kò lágbára mọ́, kò sọ pé orí mi ni. Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì, kí ó wá bá mi jiyàn lórí bí a ṣe ń yan kọfí, kí ó wò ó bóyá yóò borí. Ẹnikẹ́ni kò fipá mú mi, ẹnikẹ́ni kò sì tàn mí. Gbogbo ìwé ìhágún tí mo ti ṣe ṣáájú èyí, mo fagi lé e, títí kan èyí tí mo fi ìbínú kọ sẹ́yìn páálí ṣúgà.

Lọ́yà ní kí n kọ́kọ́ jẹ́ kí ó yé yín pé ẹlẹ́rìí méjì gbọ́dọ̀ wà nínú yàrá kan náà pẹ̀lú mi nígbà tí mo bá ń fọwọ́ sí ìwé yìí. Kí wọ́n fi ojú ara wọn rí i, kí àwọn náà sì fọwọ́ sí i lójú mi. Ó tún ní ẹni tó bá jẹ́rìí sí i, ohunkóhun tí mo bá fi sílẹ̀ fún un nínú ìwé náà ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Mo ní kí ó tún un sọ, ó sì tún un sọ. Inú mi dùn sí òfin náà ju bó ti yẹ lọ. Ẹ ó rí ìdí rẹ̀ tó bá yá.

Àwọn tí yóò mú ìwé yìí ṣẹ ni Lọ́yà fúnra rẹ̀ àti ọmọ mi obìnrin, aránṣọ. Kí wọ́n má ṣe bá ara wọn jà níwájú oníbàárà.

Ìkíní. Ilé yìí látòkè délẹ̀, ìyẹn ṣọ́ọ̀bù, àwọn yàrá òkè àti àtẹ̀gùn tó máa ń ké bí ènìyàn bá fẹ́ yọ́ wọlé, mo fi í fún ọmọ mi obìnrin. Mo mọ̀ pé yóò gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wá sí yàrá iwájú, nítorí mo ti rí i tó ń fi tépù wọn ògiri nígbà tó rò pé mo sùn. Kò burú. Ohun tí n kò gbà ni pé kí ó ta ṣọ́ọ̀bù náà fún àwọn oníkọfí ìgbàlódé tó ń fi ìfófòó wàrà ya ewé sójú ife. Ẹni tí òùngbẹ kọfí bá ń gbẹ kò wá wo àwòrán.

Ọmọ mi, o dára lọ́mọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń sìnkú bàbá rẹ, o jókòó, o ń fi ojú wọn ìbàdí àwọn tó wá bá wa kẹ́dùn. Mo rí ọ. Jọ̀wọ́, lọ́jọ́ tèmi, gbójú sílẹ̀.

Ìkejì. Àga onígi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé àti ìkòkò tíì aláwọ̀ ewé, kí wọ́n wà níbi tí wọ́n wà. Ti ọkọ mi ni. Ọkùnrin náà fẹ́ oníkọfí, ó gbé inú òórùn kọfí títí ó fi darúgbó, tíì ló sì ń mu. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí a kọ́kọ́ pàdé, ó jókòó sí àga yẹn, ó ní kí n fún òun ní tíì. Mo ní a kì í tà á. Ó ní òun yóò dúró. Mo bínú sí i gan-an, lọ́jọ́ kejì mo lọ ra tíì. Mo fẹ́ràn rẹ̀, mo sì ṣì fẹ́ràn rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó bà mí lórúkọ jẹ́ lójú gbogbo oníbàárà.

Ìkẹta. Ológbò. Ó ń jẹun àárọ̀ lọ́dọ̀ mi, ó ń jẹun alẹ́ lọ́dọ̀ àbúrò mi ní òdìkejì títì, ó sì sanra bí àpò hóró kọfí tó ń sùn lé lórí. Nínú gbogbo ẹbí wa, òun nìkan ló ń sọdá títì. N kò fi í fún ẹnikẹ́ni. Mo fi í sílẹ̀ fún ara rẹ̀.

Mo fẹ́ fi àwọn ṣíbí fàdákà fún Oníbúrẹ́dì, aládùúgbò mi, ṣùgbọ́n òun ti gbà láti jẹ́ ẹlẹ́rìí kìíní, òfin sì ti gba ṣíbí lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ó gba ìdúpẹ́ mi. Búrẹ́dì rẹ̀ ti ń kéré sí i lọ́dọọdún, ìdúpẹ́ mi kò tíì kéré.

Ìkẹrin. Ìtàn kọfí Ọwọ́ Méjì, bó ṣe ṣẹlẹ̀, mo fi í fún gbogbo ẹni tó bá ń mu ún, kí irọ́ má bàa jogún rẹ̀ ṣáájú wọn.

Nígbà tí èmi àti àbúrò mi ọkùnrin wà lọ́mọdé, ìyá wa ló ni ṣọ́ọ̀bù yìí. Láyé ìgbà náà, kọfí ni a kọ́kọ́ máa ń dà sínú ife, wàrà gbígbóná yóò wá tẹ̀lé e, oníbàárà yóò sì fi ṣíbí rò ó fúnra rẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá wa fi ọwọ́ kan etí ìkòkò tó gbóná, ọwọ́ rẹ̀ wú, wọ́n fi báńdéèjì wé e. Kò lè gbé nǹkan kan. Ó gbé kẹ́tùrù kọfí lé àbúrò mi lọ́wọ́, ó gbé kẹ́tùrù wàrà lé èmi lọ́wọ́, ó ní kí a máa lọ dá àwọn ènìyàn lóhùn.

Awakọ̀ reluwé kan ló dúró níwájú kántà, ó na ife rẹ̀. Mo ní èmi ni ẹ̀gbọ́n, èmi ni n óò kọ́kọ́ dà. Àbúrò mi ní kọfí ló máa ń ṣáájú, òun ni yóò kọ́kọ́ dà. Ọ̀rọ̀ di iṣu ata yán-an-yàn-an. Ọkọ̀ ojú irin fọn fèrè. Awakọ̀ náà pariwo pé kí ẹnì kan ṣáà da nǹkan síbẹ̀, kò sì sí ẹni tó dúró de ẹnìkejì nínú wa. Ọwọ́ méjì, kẹ́tùrù méjì, ife kan. Ìyá wa figbe ta pé a ti ba ọjà òun jẹ́.

Awakọ̀ náà mu ún. Ó wo inú ife náà bí ẹni tí wọ́n tàn jẹ, ó sì mu ún tán láìwá ṣíbí, nítorí kọfí àti wàrà ti pò pọ̀ bí wọ́n ṣe ń já bọ́. Ó padà wá lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n ní kí a fún àwọn ní tọwọ́ méjì yẹn, láti ọwọ́ àwọn ọmọ aláìgbọràn yẹn. Ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá. Ọwọ́ ìyá wa san, kò sì gba kẹ́tùrù padà lọ́wọ́ wa títí a fi dàgbà.

Ní ti ìtumọ̀ rẹ̀, ẹnu kò kò lórí rẹ̀. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó ní ọkọ àti ìyàwó ló dúró fún. Tíṣà kan ní nítorí pé ọwọ́ méjèèjì ni ènìyàn fi ń di ife mú tí òtútù bá mú ni. Àwọn oníkọfí ìgbàlódé kọ ọ́ sára ògiri wọn pé àwọn atukọ̀ ló gbé e wá láti òkè òkun, wọ́n sì fi owó kún un nítorí ìrìn àjò náà. Ní tèmi, ìtumọ̀ rẹ̀ kò ju pé ẹnì kan kò lè dá a ṣe. Mo ti gbìyànjú. Mo ti ń fi ọwọ́ mi méjèèjì dà á láti ọdún gbọọrọ, ó sì jọ ọ́, oníbàárà kò ráhùn. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹnì kan náà mọ ohun tí ìkejì rẹ̀ fẹ́ ṣe, kò sí ìjà níbẹ̀, kì í dùn tó bẹ́ẹ̀. Mo gbọ́ pé ti òdìkejì títì náà kò dùn tó bẹ́ẹ̀. Oníbúrẹ́dì ló sọ fún mi. Èmi kò lè mọ̀.

Kí ó sì wà nínú ìwé òfin pé wàrà mi ló kọ́kọ́ kan ìsàlẹ̀ ife. Ibi tí mo dúró sí ni mo ti rí i kedere.

Ìkarùn-ún. Kẹ́tùrù wàrà, mo fi í fún ọmọ mi obìnrin. Kí ó má ṣe jẹ́ kí wàrà náà hó. Kí ó gbé e kúrò lórí iná nígbà tí etí rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Kí ó má fi ọṣẹ aṣọ fọ̀ ọ́, n kò fẹ́ kọfí tó ń ta sánsán bí aṣọ tuntun.

Ìkẹfà. Fún àbúrò mi ọkùnrin, tí àwọn oníbàárà ń pè ní Bọ̀ọ̀dá Kọfí, mo fi ẹ̀yìnkùlé ilé yìí sílẹ̀, pẹ̀lú ààrò tó wà níbẹ̀, agbada tí ìyá wa fi ń yan kọfí, àti kẹ́tùrù kọfí ìyá wa tó ti wà lórí pẹpẹ mi láti ọjọ́ tí àbúrò mi ti kó lọ sí òdìkejì títì. Ó nílò wọn. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò ní ẹ̀yìnkùlé. Inú ilé ló ti ń yan kọfí, èéfín sì máa ń lé àwọn oníbàárà rẹ̀ jáde tí wọ́n á máa wúkọ́ wá sọ́dọ̀ mi. Mo ti jàǹfààní èéfín náà púpọ̀.

Ẹ óò bi mí léèrè ohun tó lé e kọjá títì. Lẹ́yìn ìsìnkú ìyá wa, akọ̀ròyìn kan wá, ó béèrè ẹni tó kọ́kọ́ da Ọwọ́ Méjì. Àbúrò mi ní òun ni. Èmi náà ní èmi ni. Akọ̀ròyìn rẹ́rìn-ín, ó kó ìwé rẹ̀, ó lọ. Àwa kò rẹ́rìn-ín. Kí oṣù náà tó parí, àbúrò mi ti háyà ṣọ́ọ̀bù lọ́ọ̀ọ́kán, ó gbé pátákó kọ́ pé níbẹ̀ ni ẹni tó kọ́kọ́ dà á wà. Mo gbé tèmi kọ́, ó tóbi díẹ̀ ju tirẹ̀ lọ. Ó fi iná mànàmáná sí tirẹ̀. Láti ìgbà náà, bí mo bá ń gbálẹ̀ iwájú ṣọ́ọ̀bù, òun náà á máa gbálẹ̀, a ó sì máa wo ìgbálẹ̀ wa.

Ìkeje. Mo yan àbúrò mi yìí kan náà gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí kejì.

Lọ́yà gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀ níbí. Ó ní kò bọ́gbọ́n mu, pé bí ó bá wá fọwọ́ sí i, gbogbo ohun tó wà ní Ìkẹfà ti di òfo. Mo ní mo gbọ́ nígbà àkọ́kọ́. Bí ó bá jókòó sọ́hùn-ún, kí ó jogún ẹ̀yìnkùlé, agbada àti kẹ́tùrù, n kò ní bínú, ohun ìyá rẹ̀ ni. Bí ó bá wá síbí, kò ní rí nǹkan kan gbà. Mo ti ní kí akọ̀wé Lọ́yà lọ ṣàlàyé méjèèjì fún un láìfi ọ̀kan pamọ́. Mo fẹ́ rí àbúrò mi nínú yàrá yìí kí n tó kú. N kò mọ ọ̀nà mìíràn tí mo lè gbà sọ ọ́ tí kò ní dà bíi pé mo ń bẹ̀ ẹ́.

Akọ̀wé ti dé. Ó ní Bọ̀ọ̀dá Kọfí gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó béèrè lẹ́ẹ̀mejì bóyá lóòótọ́ ni agbada náà yóò bọ́, ó sì ní kí wọ́n sọ fún mi pé òun ní kọfí lórí iná. Láti kékeré ló ti ní kọfí lórí iná nígbàkígbà tí wọ́n bá bi í ní ìbéèrè. Oníbúrẹ́dì ti jókòó. Lọ́yà ní akọ̀wé òun lè jẹ́ ẹlẹ́rìí kejì, kí a má fi ọjọ́ ṣòfò. Mo ní a óò dúró. Ẹ̀rù ń bà mí, kí ó wà nínú ìwé.

Kọ ọ́ pé ó ti wọlé. Kò kí ẹnikẹ́ni. Épúrọ́ọ̀nù ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ó ti hewú ju bí mo ṣe ń rí i láti òkèèrè lọ. Ó rí ibi tí Lọ́yà da kọfí sí lórí kántà, ó fi etí épúrọ́ọ̀nù nù ún. Lọ́yà ka òfin ẹlẹ́rìí fún un lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó mi orí, ó béèrè bírò.

Nítorí náà Ìkẹfà ti di òfo, ohun tó wà níbẹ̀ sì di ti ọmọ mi obìnrin. Bí ó bá wu ọmọ mi láti ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé fún ẹnì kan láti máa yan kọfí níbẹ̀, èmi kò sọ nǹkan kan o, òkú kì í dá sí ọ̀rọ̀ èéfín.

Mo fọwọ́ sí ìwé yìí nínú ṣọ́ọ̀bù mi, ní ọ̀sán ọjọ́rú, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá.

Àǹtí Oníwàrà

Ẹlẹ́rìí kìíní: Oníbúrẹ́dì igun òpópónà. Mo wà níbẹ̀, mo fojú rí i. Búrẹ́dì mi kò kéré.

Ẹlẹ́rìí kejì: Bọ̀ọ̀dá Kọfí, àbúrò rẹ̀. Mo gbọ́ pé ẹni tó bá jẹ́rìí kò ní jogún. Ẹ̀gbọ́n mi, a jọ dà á ni.