Ẹni Tó Jókòó Sórí Àga Kẹ́hìndé

Ẹ kú ilé o, Màmá mi. Ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ sì kú ìfaradà ojú tó ń yọ yín lẹ́nu. Mo kúnlẹ̀ níbi tí mo wà yìí, lórí sìmẹ́ǹtì ṣọ́ọ̀bù mi gan-an, kí ẹ má baà sọ pé ọmọ tó ń gbé Ìkejà kò mọ bí wọ́n ṣe ń kí ìyá mọ́. Mo kí Ìyá Ìjọ àti gbogbo aláṣọ funfun tí wọ́n ń gbààwẹ̀ nítorí ojú yín. Mo kí ìwọ náà, Ìdòwú, àbúrò tó tẹ̀lé ìbejì wá sáyé, ìwọ tí wàá ka lẹ́tà yìí sí Màmá létí. Jọ̀ọ́, má fo ìlà kankan. Mo mọ̀ ẹ́ dáadáa; tí ọ̀rọ̀ bá ti fẹ́ korò, wàá ní iná ò mọ́lẹ̀ tó. Kà á bí mo ṣe kọ ọ́.

Màmá, fọ́tò yẹn ti bàjẹ́.

Mo ní kí n tètè sọ ọ́ kí ọkàn mi tó yí padà. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ti pè yín lórí fóònù láti sọ ọ́, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè bóyá ẹ ti jẹun. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa tẹ lẹ́tà yìí jáde. Tí gbogbo ìlú bá ti kà á, mi ò ní lè kó ọ̀rọ̀ mi jẹ mọ́. Mo sì mọ̀ pé irú fọ́tò wa yẹn wà lára ògiri ilé mìíràn ní ìlú wa. Táíwò ilé ibẹ̀ lè fẹ́ gbọ́.

Fún ẹni tí kò bá mọ ilé wa, fọ́tò aláwọ̀ dúdú àti funfun kan wà ní pálọ̀ Màmá mi, tí ọmọbìnrin méjì jókòó nínú rẹ̀ sórí àga gíga méjì, aṣọ kan náà, irun kan náà. Èyí tó wà lápá òsì ni èmi Táíwò. Èyí tó wà lápá ọ̀tún, tó ń rẹ́rìn-ín, ni Kẹ́hìndé, ẹ̀gbọ́n mi. Kẹ́hìndé ò sí nílé mọ́ láti ìgbà tí a ti wà ní ọmọ ọdún mẹ́rin. Ohun tí wọn kì í sọ nípa ìbejì, èmi náà ò ní kọ ọ́. Ohun tí Màmá máa ń sọ ni pé ó lọ sí Èkó.

Bí ẹ ṣe ń sọ ọ́ nílé nìyẹn, Màmá, títí mo fi tó ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, mo gbà pé Èkó gan-an ló lọ. Mo tilẹ̀ ń bínú sí i pé kò fi bàtà kankan ránṣẹ́ sí mi. Nígbà tó wá kan èmi náà láti wáṣẹ́ wá síbí, ẹ ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé Táíwò lọ sí Èkó. Ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá Ìyá Ìjọ jà nítorí ẹ̀. Ẹ ní, "Ìkejà ni ọmọ mi wà. Kò lọ sí Èkó." Ọdún mẹ́rìndínlógún rèé, ẹ ò tíì yí i padà. Níbí, tí mo bá ti dárúkọ mi, ohun tí wọ́n máa ń bi mí tẹ̀lé e ni pé Kẹ́hìndé ńkọ́. Màá ní ó lọ sí Èkó. Àwọn tó mọ̀ á ní kí Ọlọ́run dá èyí tó kù sí. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí á ní Èkó wo, ṣé Ìsàlẹ̀ Èkó ni àbí Lẹ́kì? Mo máa ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n kí n sọ òótọ́, ní ọdún àkọ́kọ́ tí mo dé, tí mi ò ní ẹnì kan tí mo lè bá sọ̀rọ̀, mo máa ń wo ojú àwọn obìnrin tó ń kọjá ní Ọ̀pẹ̀bì. Mo mọ̀ dájú pé kò lè sí níbẹ̀, síbẹ̀ mò ń wò.

Ẹ rántí pé lẹ́yìn Ọdún Àjíǹde ni ẹ fi fọ́tò náà rán Ìdòwú sí mi. Ẹ ní ó ti ń ṣá, ojú yín ò sì gbé e mọ́, pé kí n sọ ọ́ di ńlá kí ẹ lè rí Kẹ́hìndé dáadáa kí dókítà tó fọwọ́ kan ẹyin ojú yín. Dókítà ti sọ fún wa pé ojú òsì ti lọ, pé ọ̀tún ni òun fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún, ó lè là, ó lè má là. Ẹ ò bẹ̀rù rárá. Fọ́tò nìkan ni ẹ ń béèrè. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ni ẹ ń béèrè ẹ̀, tí mò ń dáhùn pé ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí.

Irọ́ ni. Mi ò tíì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Iṣẹ́ ló gbé mi lọ. Ẹ mọ̀ pé ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ àwọn oníbísíkíìtì kan ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, láàárín Ọgbà àti Agége. Ẹni tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà síṣẹ́ lágbègbè yìí, ọ̀dọ̀ mi ló ń wá ya pásípọ́ọ̀tù fún káàdì ìdánimọ̀. Àwọn ará Ìlúpéjú pàápàá ń wá. Màá ní kí wọ́n gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀, kí wọ́n má ṣẹ́jú. Tó bá fi máa di oṣù mẹ́ta, oṣù mẹ́rin, ilé iṣẹ́ á ní kí ọ̀pọ̀ wọn máa lọ, ẹlòmíràn á gba ipò wọn, ojú wọn á kù sọ́dọ̀ mi. Oṣù tó kọjá, obìnrin kan wá bá mi, ó ní ọkọ òun ti ṣaláìsí, pé fóònù tí gbogbo fọ́tò ẹ̀ wà nínú ẹ̀ ti sọnù, pé òun rántí pé ọ̀dọ̀ mi ló ti ya ti káàdì. Mo wá a títí mo fi rí i. Obìnrin náà gbé e mọ́ àyà. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé láti jẹun ọ̀sán. Bẹ́ẹ̀, fọ́tò tiyín wà lórí tábìlì lẹ́yìn mi nígbà yẹn, mi ò tíì ya ẹ̀dà ẹ̀ sínú ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ohun àkọ́kọ́ tí ẹni tó mọṣẹ́ máa ń ṣe nìyẹn, kó tó fọwọ́ kan ohun mìíràn. Èmi náà sì ni mo máa ń pariwo ẹ̀ mọ́ àwọn ẹlòmíràn.

Òjò ọ̀sán kan ló parí ẹ̀. Mo lọ ya àwọn òṣìṣẹ́ tuntun nínú ilé iṣẹ́ kan. Kí n tó padà dé, omi ti gba ojú ìṣó kan wọlé lára páànù, ó ń kán sórí férémù fọ́tò náà, ó sì ti wọ abẹ́ dígí. Bí mo ṣe ní kí n tú u báyìí, ojú fọ́tò lẹ̀ mọ́ dígí, ó sì bó. Nǹkan kan ò ṣe apá òsì. Apá ọ̀tún ló lọ. Ojú Kẹ́hìndé, ẹ̀rín ẹ̀, gbogbo ẹ̀ di funfun. Aṣọ, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ló kù. Ó wá ku èmi nìkan tí mo ní ojú. Mo jókòó sílẹ̀, mo ń bú ara mi: ọkọ olọ́kọ ni mo bá wọn tọ́jú, ẹ̀gbọ́n tèmi ni mo jẹ́ kí òjò gbé lọ. Àṣé èèyàn lè lọ sí Èkó lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ̀rù yín bà mí, Màmá. Ẹ̀rù yẹn ló jẹ́ kí n pinnu ohun tí mo fẹ́ kí ẹ forí ẹ̀ jì mí. Mo ní ìbejì ṣáà jọra, ojú mi sì wà níbẹ̀ lápá òsì. Màá fi kọ̀ǹpútà gbé ojú mi lé ọrùn Kẹ́hìndé, màá tún etí ibi tí mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ṣe, ẹ ò ní mọ̀, ẹ ò kúkú ríran tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Bó ṣe wá sí mi lọ́kàn ni mo ṣe kọ ọ́ sílẹ̀ yẹn, ojú sì ń tì mí. Mo ya ohun tó kù sínú ẹ̀rọ, mo fẹ̀ ẹ́ lójú kọ̀ǹpútà kí n lè bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti rí orúnkún.

Nínú fọ́tò yẹn, mo ní egbò lórúnkún ọ̀tún, tí ẹ fi báńdéèjì wé, tí etí báńdéèjì náà tú. Kẹ́hìndé náà ní egbò lórúnkún ọ̀tún, ó ní báńdéèjì, etí báńdéèjì ẹ̀ tú. Bọ́tìnì kejì já lára aṣọ mi. Bọ́tìnì kejì já lára tiẹ̀ náà. Mo tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, mo gbé e lọ bá Bàbá Sùlé.

Bàbá Ìjẹ̀bú kan ni wọ́n, láti ayé fíìmù ni wọ́n ti ń ya fọ́tò, wọ́n ṣì ní ṣọ́ọ̀bù nítòsí rélùwéè ní Agége, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn ò rí iṣẹ́ púpọ̀ ṣe níbẹ̀ mọ́. Wọn ò wò ó pẹ́. Wọ́n fi ìka lé ìlà tín-ín-rín kan tó wà láàárín àga méjèèjì, èyí tí mo rò láti kékeré pé ara kọ́tìnì ni. Wọ́n ní, "Ibi tí wọ́n ti so wọ́n pọ̀ rèé. Ìwọ ni méjèèjì, ọmọ mi." Wọ́n ní àwọn náà ṣe irú ẹ̀ tó pọ̀. Tí ọ̀kan nínú ìbejì bá ti lọ kí wọ́n tó ya fọ́tò, ìyá á gbé èyí tó kù wá. Wọ́n á gbé e jókòó lápá kan, wọ́n á yà á. Wọ́n á gbé e sí apá kejì, wọ́n á tún un yà, wọ́n á wá tẹ méjèèjì pọ̀. Mo bi wọ́n pé ṣé ẹ̀tàn kọ́ nìyẹn. Wọ́n wò mí bí ẹni tó ń sọ ìsọkúsọ. Wọ́n ní ta ni wọ́n tàn, nígbà tó jẹ́ pé ìyá fúnra ẹ̀ ló máa ń gbé ọmọ láti àga kan sí èkejì.

Inú bí mi sí yín. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Ọjọ́ méjì ni mi ò fi gbé fóònù yín, kì í ṣe pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa. Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo ti ń wo fọ́tò yẹn, tí mò ń sọ pé Kẹ́hìndé lẹ́wà jù mí lọ, pé òun ló mọ ẹ̀rín rín. Àṣé ara mi ni mò ń jowú. Mo tún ronú pé tí kì í bá ṣe òun ló wà níbẹ̀, a jẹ́ pé ojú ẹ̀ ò sí níbì kankan láyé yìí. Ohun tí mò ń sunkún lé lórí pé òjò gbé lọ, kò fìgbà kankan sí níbẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ni mo rántí nípa Kẹ́hìndé, mi ò sì tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Mo rántí ìgbà tó wà lórí àga gíga yẹn, tí ẹ̀yin dúró lẹ́yìn ọkùnrin tó ń ya fọ́tò, tí ẹ ń sọ pé, "Kẹ́hìndé, rẹ́rìn-ín sí mi," tó sì rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ kẹta tí inú ń bí mi, mo jókòó nínú ṣọ́ọ̀bù, mo tún un rò. Mo wá rí i pé nínú gbogbo ohun tí mo rántí yẹn, mi ò rí ojú Kẹ́hìndé. Ojú yín ni mò ń rí. Orí àga ẹ̀ ni mo ti ń wò yín. Ẹ ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú yín, ẹ fi etí ìró nù ún, ẹ tún pè mí ní Kẹ́hìndé. Mo rẹ́rìn-ín nítorí mo fẹ́ kí omi yẹn dá. Fọ́tò tí ẹnikẹ́ni ò yà lọ́jọ́ náà nìyẹn, Màmá. Èmi nìkan ni mo ní in, òjò ò sì lè dé ibi tó wà.

Torí náà, mi ò lẹ ojú mọ́ ọrùn ẹnikẹ́ni. Mo bẹ Bàbá Sùlé, wọ́n wá sí ṣọ́ọ̀bù mi lọ́sàn-án Ọjọ́rú. Mo wọ àǹkárá tí ẹ fún mi nígbà tí mo wálé kẹ́yìn. Mo jókòó lápá òsì, wọ́n yà mí. Mo dìde, mo kọjá sí àga ọ̀tún. Èmi tí mò ń sọ fún gbogbo ayé bí wọ́n ṣe máa gbé àgbọ̀n, mi ò mọ ohun tí màá fi ojú ara mi ṣe. Bàbá Sùlé dúró ti ẹ̀rọ, wọn ò kánjú. Nígbà tó yá, wọ́n ní, "Kẹ́hìndé, ó yá." Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi. Ìlà yẹn wà láàárín wa nínú fọ́tò náà, mo ní kí wọ́n má pa á rẹ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀ ni màá gbé e wálé. Ó tóbi, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù yín, ẹ ò ní nílò láti fún ojú pọ̀. Màá mú ti àtijọ́ náà dání bó ṣe bàjẹ́, nítorí tiyín ni. Ọjọ́ Ajé ni dókítà. Mi ò mọ̀ bóyá ẹ máa fẹ́ wò ó, ìyẹn ló ń já mi láyà jù. Ẹ lè ní ta ni ìyá àgbà yìí, pé ọmọ ọdún mẹ́rin ni Kẹ́hìndé tiyín. Ẹ lè bínú pé mo gbé ohun tí ẹ fi pamọ́ fún gbogbo ọdún yìí sí etí ìlú. Tí ẹ bá fẹ́ bínú, ẹ bínú, màá kúnlẹ̀ síbẹ̀ títí yóò fi tán. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ wò ó. Lẹ́yìn ẹ̀, ẹ jẹ́ kí n ya ojú yín.

Ọlọ́run á la ojú yín, Màmá. Ẹ ó rí wa, ẹ ó rí ọmọ wa, ẹ ó fi ojú ara yín mọ ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, àti ará àdúgbò tó ń bá yín gbé omi. Ìdòwú, o ṣeun tí o kà á dé ibí. Nu ojú ẹ kí o tó ka ìyókù.

Tí ẹnikẹ́ni bá tún béèrè Táíwò lọ́wọ́ yín, ẹ má pe Ìkejà mọ́. Ẹ sọ fún wọn pé ó lọ sí Èkó, ó lọ bá ẹ̀gbọ́n ẹ̀, àwọn méjèèjì sì ń bọ̀ wálé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta.

Àwa ọmọ yín,
Táíwò àti Kẹ́hìndé