Ìdí Tí Bàbá Ìrètí Ò Fi Tíì Yọjú Lórí Fídíò

Màmá wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o, ẹ sì kú àdúrà orí wa. Àlàáfíà la wà ní ìlú kékeré tá a kó sí lẹ́yìn odi Atlanta yìí. Ẹ má bínú pé Bàbá Ìrètí ò tíì yọjú sí yín lórí fídíò. Kámẹ́rà fóònù rẹ̀ ló bàjẹ́.

Màmá, ẹ tọ́ ọmọ yín dáadáa. Ọlọ́pàá kan dá a dúró nígbà tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀. Bàbá Ìrètí rí i pé orí ọlọ́pàá náà ti funfun, ó ní òun ò lè jókòó kí àgbàlagbà, ló bá sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò. Wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀ níbí; ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀, ọlọ́pàá á rò pé ìjà ló fẹ́ jà. Èjìká rẹ̀ ti ń san.

Ìjọba àpapọ̀ ti rán àwọn èèyàn wá láti máa ṣọ́ àwọn ọlọ́pàá yìí, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Obìnrin kan lára wọn wá sí ṣọ́ọ̀ṣì wa, ó ní kí Bàbá Ìrètí wá sọ ohun tójú rẹ̀ rí, kó má bẹ̀rù. Ṣùgbọ́n obìnrin yẹn máa padà sí Washington. Ọlọ́pàá yẹn, iwájú ilé wa ló ń gbà kọjá láràárọ̀. Ó máa ń juwọ́ sí wa, àwa náà a sì juwọ́ sí i. Ìwé ìgbélùú wa ò tíì jáde.

Ẹ bá wa kí Aunty Ọláwùnmí. Bàbá Ìrètí ní kí n kí yín. Ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe, apá ni ò jẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà á níjòkòó.

Ìyàwó yín,
Monísọ́lá