Ẹ̀pà Tí Ọkọ́ Kò Kàn

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3 Òkúdù 2025
Muslimat, ìyàwó Yésúfù ọmọ mi, ló ń bá mi kọ ọ́. Mi ò mọ̀wé, àmọ́ mo mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Kó má fi kún un.
Mọ́gàjí, olórí ẹbí wa, wá bá mi nílé ní Ọ̀rányàn níbí. Wọ́n ní ẹ̀pà tí kò lọ́mọ nínú la kó wálé lọ́dún tó kọjá láti oko olóògbé ọkọ wa. Bí tọdún yìí bá tún rí bẹ́ẹ̀, ẹbí á ta ilẹ̀ náà fún àwọn tó fẹ́ kọ́lé. Mo ní mo gbọ́. Ilẹ̀ tó bọ́ gbogbo ọmọ mi.

Ọjọ́ Jímọ̀, 6 Òkúdù
Iléyá. Àgbò kékeré. A dúpẹ́.

Ọjọ́ Ajé, 9 Òkúdù
Mo dé oko. Ẹ̀yìn mi kò tẹ̀ mọ́, abẹ́ igi ọsàn ni mo jókòó sí. Koríko ti yọ. Mo ní kí Èjìdé, ìyàwó kékeré ọkọ mi — Olórí-kunkun ni mò ń pè é — gbé ọkọ́. Ó kọ̀. Ó ní a ti ro ẹ̀pà náà kó tó tanná, a sì ti wa erùpẹ̀ sí ìdí rẹ̀. Ó ti tanná báyìí, ó ń ti ẹnu bọ ilẹ̀ láti bímọ. Ọkọ́ tí a gbé wọ̀ ọ́ lásìkò yìí lọ́dún tó kọjá ló gé ọmọ rẹ̀ dànù, tí ìyókù fi ṣófo. “Ìyáálé, nígbà tí ẹ̀ ń rọbí, ta ló fi ọkọ́ ro ìdí yín?”
Muslimat ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń kọ ọ́.
Koríko tó ga nìkan ni Èjìdé ń fọwọ́ fà. Ẹni tó ń kọjá ń béèrè bóyá olóko ti kú. Ojú tì mí.

Ọjọ́bọ̀, 26 Òkúdù
Òjò. Mi ò bá Olórí-kunkun sọ̀rọ̀. Ó ṣì bu ọbẹ̀ wá fún mi. Mo jẹ ẹ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 2 Ògún
A hú ẹ̀pà. Èmi ni mo fa ìdí àkọ́kọ́. Erùpẹ̀ gbọ̀n kúrò, ọmọ so jìngbìnnì. Mo fọ́ ọ̀kan, ó kún. Mo fọ́ òmíràn, ó kún. Mo wá èyí tó ṣófo, kí n lè rí nǹkan sọ — ó ṣòroó rí. Alhamdulillahi. Èjìdé kàn ń wò mí. Mo ní ó dáa.
Muslimat, bí ilẹ̀ bá mọ́, lọ bá Mọ́gàjí. Gbé igbá ẹ̀pà kan dání, kí wọ́n fọ́ ọ fúnra wọn. Sọ fún wọn pé ilẹ̀ kì í ṣe títà. Lẹ́yìn náà, sọ fún àwọn tó ń bá wa roko: bí ẹ̀pà bá ti tanná, kí ọkọ́ wọn jókòó sílé.
Má sọ fún Èjìdé pé mo dúpẹ́. Èmi ni n ó fẹnu ara mi sọ ọ́, tó bá ti bu ọbẹ̀ alẹ́ wá.